Bí Mo Ṣe Dé Adákẹ́, Omi Tí Kì í Pariwo

Ẹ sún mọ́ra, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí ibi jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dìde láàárín ọ̀rọ̀ yóò gbé ìdajì ìtàn lọ sílé, ìdajì ìtàn sì burú ju irọ́ lọ. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ògúnlẹ́yẹ, ará Ìdí-Arère. Mo ti pa ẹfọ̀n tó ń bọ̀ wá pa mí. Èmi àti ẹkùn ti jọ mu omi létí odò kan náà ní ọ̀sán gangan; ó wò mí, mo wò ó, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Ọdẹ tó bá ní òun láyà jù mí lọ ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè yìí, kó dìde kí n rí i. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó dìde? Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí mo fi ń ṣe fáàrí. Òun ni mo fi ń bá ara mi wí.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní láyé, Akinlàbí ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọdẹ tèmi. Bí a bá pa ẹran tán, òun ni yóò fi ọwọ́ pa ojú ẹran náà dé, tí yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí mò ń wí yìí, ìròyìn kàn wá pé ẹran ńlá kan ń fara hàn lẹ́yìn Adákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Adákẹ́. Ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, òkè tẹ̀ lé òkè, odò sì ń já bọ́ láti orí àpáta wọn, ìkùukùu omi náà a sì máa rú bí èéfín. Mẹ́ta ló lórúkọ nínú àwọn omi tó ń já wọ̀nyí: Aláriwo, Aṣọ Funfun, àti Adákẹ́. Adákẹ́ ló jìnnà jù. Èmi ló yẹ kí n lọ, àmọ́ ẹ̀gún wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú bí iṣu. Ni mo bá rán Akinlàbí.

Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, bí n kò bá rí i dáadáa ńkọ́? Omi ni yóò wà láàárín wa."

Mo ní: "Ohunkóhun tó bá mì lẹ́yìn omi yẹn, yìn ín. Ọdẹ tó bá dúró bèèrè orúkọ ẹran, ọbẹ̀ aláìlẹ́ran ni ìyàwó rẹ̀ yóò máa sè."

Mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà nígbà yẹn bí ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù mẹ́ta, Akinlàbí kò dé. Ọjọ́ tí oṣù kẹta pé ni ìyá wa gbé abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá wà láàyè, kí a sọ ibi tó wà. Bó bá kú, kí a sọ ibi tó sùn sí. Àmọ́ àwọn kò ní í jẹun lórí àìmọ̀. Omi nìkan ni wọ́n ń mu. Àgbàlagbà tí kò lókun lára tẹ́lẹ̀, ẹ fojú inú wò ó.

Ẹsẹ̀ mi ti san. Mo ti ń di ẹrù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì nígbà tí Mojírayọ̀ wọlé. Mojírayọ̀ ni ìyàwó Akinlàbí, ìyá àwọn ìbejì rẹ̀. Alùpùpù ló fi ń gbé epo pupa kiri àwọn ọjà oko, kò sì sí ọ̀nà àpáta tàbí ọ̀nà ẹrẹ̀ kan tí táyà rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wo ẹrù mi, kò sì dìde.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ dákun, ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rin ìrìn yìí?"

"Ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi rìn ín."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ máa gbà, àlọ nìkan. Ìyá kò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mọ́. Máṣìnnì mi á gbé wa débẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Gbé wa kẹ̀? Ta ni ta ni?"

"Èmi àti ẹ̀yin. Àbí ẹ mọ̀ ọ́n gùn ni?"

N kò mọ̀ ọ́n gùn. Èmi tí mo bá ẹkùn mumi, ohun tó ń fi ẹsẹ̀ méjì sáré tó sì ń tu èéfín nídìí máa ń bà mí lẹ́rù. Ó mọ̀, ó sì fojú fò ó dá nítorí ọ̀wọ̀. Ó mú èédú kan nínú ààrò mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ọ̀nà sórí ilẹ̀ yàrá. Ó fa ìlà kan: títì ọlọ́dà láti Ìdí-Arère dé Òkè-Ìyálẹ̀, ibẹ̀ ni ilé epo tó gbẹ̀yìn wà. Ó fa òmíràn: ọ̀nà ilẹ̀ pupa dé ìdí Aláriwo, ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba orí àpáta kọjá lẹ́bàá Aṣọ Funfun, ọjọ́ kejì. Láti ibẹ̀ lọ, èédú náà dúró. Ó ní: "Ibi tí mo mọ̀ mọ nìyí. Èyí tó kù di ọwọ́ yín."

A bẹ̀rẹ̀ sí ṣètò. Ó ní a ó so kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Ó ní bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lórí wa, òjò lè ti rọ̀ lórí òkè, nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọdá odò kankan láìkọ́kọ́ wo àwọ̀ omi náà. Èmi náà kó ẹrù tèmi sílẹ̀: ìbọn méjì, àdó oògùn mẹ́fà, pàkúté, àti Gbọ́nmirè ajá mi. Ó yọ ìbọn kan, ó yọ pàkúté. Ó wo ajá náà. "Bàbá Ọdẹ, ajá kò lè jókòó sórí táǹkì." Mo jà fún ajá yẹn títí ẹnu fi gbẹ mí, ó sì fi tùúbù méjì, púlọ́ọ̀gì, sípánà àti okùn gígùn kan dípò rẹ̀. Ní ìparí, a fẹnu kò pé lójú ọ̀nà, òun ni yóò máa pàṣẹ; nínú igbó, èmi ni.

Ó dìde, ó gbọn èédú lọ́wọ́, ó wá ní: "Kí lẹ sọ fún un gan-an kó tó lọ?"

Mo ní: "Mo ní kó ṣọ́ra."

Ó mi orí, ó lọ gbé àwọn ọmọ fún ìyá rẹ̀.

Ibi tí a sùn àti ohun tí a jẹ lójú ọ̀nà, n kò ní í fi dá yín lágara. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, kí oòrùn tó wọ̀, a dé ìdí Aláriwo. Omi náà ń pariwo débi pé ehín mi ń gbọ̀n nínú erìgì. Igi ńlá kan ni wọ́n fi ṣe afárá sórí odò tó ṣàn kúrò ní ìdí rẹ̀, ẹnìkan sì jókòó sórí afárá náà. Bó ti jókòó yẹn, ó ga tó ọ̀pẹ. Ojú kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ etí kún ara rẹ̀ bí olú ṣe ń kún ara igi jíjẹrà: etí ní èjìká, etí ní orúnkún, etí ní àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo wọn sì ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ariwo omi. Mo na ìbọn sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọdẹ, yìn ín. Ariwo kan ló máa fi kún ariwo. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, yóò fún mi ní ohun dídùn kan tí mo lè máa gbọ́. Kí ni ó ń ti inú jáde láìsí ilẹ̀kùn, tí a kì í rà, tí a kì í tà, tí ẹni tó bá sọ ọ́ nù kì í mọ̀ àfi ọjọ́ tí ohun ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀?"

Mojírayọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dá a lẹ́kun. Inú igbó la wà, àṣẹ tèmi ni. "Ẹ̀rín ni," mo pariwo. "Ẹ̀rín lásán lo fẹ́? Gba tèmi, mo ní púpọ̀!" Ó na ìka kan tó gùn, ó fi kan ọ̀nà ọ̀fun mi, ohun kan sì fò jáde bí ẹyẹ. Gbogbo etí rẹ̀ dìde sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́, omijé ń bọ́, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a kọjá. Mo rò pé mo ti rẹ́ ẹ jẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ta ló tíì rí ẹ̀rín mi rí nínú yín? Ẹ wo ara yín lójú. Kò sí.

Ọjọ́ kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà Aṣọ Funfun kò fẹ̀ ju ìbú ẹní lọ. Àpáta wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ òsì, ewédò sì bo gbogbo ilẹ̀, tó ń yọ̀ bí ilá. Mojírayọ̀ ń wa alùpùpù díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wọ́ nílẹ̀. Bí a ti dé àárín, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti inú omi tó ń já. Omi ni ara wọn, a ń rí àpáta láti inú àyà wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbé ojú Akinlàbí wọ̀. Wọ́n tó ogójì. Ojú àbúrò mi lọ́nà ogójì, àpá tó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, eyín rẹ̀ tó yà. Gbogbo wọn na ọwọ́, wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Ìbejì, èmi rèé. Sọ̀ kalẹ̀. Wá."

Alùpùpù dúró. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ní kó má sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Ó bèèrè: "Bàbá Ìbejì, kí ni mo sè fún yín lọ́jọ́ tí ẹ lọ?"

Àwọn kan ní iyán, àwọn kan ní ẹ̀bà, àwọn kan ní ìrẹsì.

"N kò se nǹkan kan," ni Mojírayọ̀ wí. "A jà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ebi ló gbé lọ." Ó ń sunkún bó ti ń wí i, ó sì lọ́ ọwọ́ máṣìnnì náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. A ya àárín wọn kọjá, wọ́n ń fọ́ sí wa lára bí ìkòkò omi, omi náà tutù bí ikú. Ní ìkọjá ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn yọ̀. Ìdí alùpùpù lọ sínú òfuurufú, Mojírayọ̀ rọ̀ mọ́ ọwọ́ máṣìnnì, èmi ti já bọ́ sórí àpáta. Okùn tí mo bínú sí nílé ni mo sọ yí ká gbòǹgbò igi kan, mo so orí kan mọ́ máṣìnnì, mo so èkejì mọ́ ìgbàdí mi, mo sì fà títí ojú mi fi pọ́n. A gbà á padà. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ti àbọ̀ já, ó sì lọ sínú ọ̀gbun. A kò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni a dé Adákẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níhìn-ín. Omi náà ga ju méjì tó kù lọ, ó ń já lu àpáta pẹ̀lú agbára, ìkùukùu ń rú, kò sì sí ìró kankan. Mo pàtẹ́wọ́, n kò gbọ́. Mojírayọ̀ pa máṣìnnì. N kò mọ̀ pé ó ti pa á àfi ìgbà tí gbígbọ̀n rẹ̀ dáwọ́ dúró. A fi ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àpáta wọ ẹ̀yìn omi náà.

Akinlàbí wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ, irun orí rẹ̀ ti funfun. Obìnrin kan jókòó tì í, ó ga, ó dúdú, omi ọmú sì ń ro láti ọmú rẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ọmú abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé. Lórí itan rẹ̀ ni awọ ọmọ ẹran kékeré kan wà, ihò ọta kan sì dá sí i. Ẹnu obìnrin náà kò là, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àyà mi; àyà náà ni gbogbo wa fi ń gbọ́ ara wa níbẹ̀.

"Òtútù ló mú ọmọ mi, ó sì wọ awọ. Ó rí àlejò, ó jáde lọ wò ó. Ọmọdé fẹ́ràn àlejò."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí pe ọfọ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde. Mo gbé ìbọn, omi ń ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo wá wólẹ̀, mo fi ẹbọ ẹfọ̀n bẹ̀ ẹ́, mo fi ẹ̀jẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé ìyá wa kò jẹun mọ́ nítorí ọmọ yìí.

"Èmi náà kò jẹun," ó wí. "Ṣùgbọ́n n ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan, bí o bá dáhùn, a ó tẹ̀ lé ìdáhùn rẹ. Ọwọ́ kan yin ìbọn. Ẹnu kan rán ọwọ́ náà. Ọmọ kan kú. Ta ló pa á? Ẹni tó pa á ni yóò jókòó síhìn-ín ṣe ọmọ mi. Èkejì a máa lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ìdáhùn náà. Kò tilẹ̀ le tó àlọ́ ọmọdé. Mo lanu. Mo rántí ilé mi, mo rántí oko mi, mo rántí Gbọ́nmirè tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ilẹ̀ tútù yẹn àti òkúta yẹn àti ìdákẹ́jẹ́ tí kò ní òpin, mo sì pa ẹnu mi dé. Ẹkùn kò ṣe mí báyìí. Ẹfọ̀n kò ṣe mí báyìí. Mojírayọ̀ yíjú sí mi, ó ń wò mí, mo sì rí i tí ó ń yé e bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́. Mo tún lanu, mo tún pa á dé. Bí mo bá ní kí n parọ́, n ó ní àyè kò tó, pé mo ṣì ń ronú. Àyè tó.

Akinlàbí ló sọ̀rọ̀. "Ìyá, èmi ni. Ọwọ́ mi ló wà lórí ìbọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣọ́ra."

Irọ́ tí mo pa fún ìyàwó rẹ̀ gan-an ló bọ́ sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Mo ti mọ ìdáhùn kí n tó bèèrè," ó wí. "Bí o bá ti dáhùn, ǹ bá dá ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n o kò dáhùn. Ta ni yóò sì fi irú ìwọ ṣe ọmọ? Èyí ni n ó mú."

Mojírayọ̀ wá kúnlẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ìyá, abiyamọ lèmi náà. Mo ti rí ọmọ yín tó kú, mo bá yín kẹ́dùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ ojú bàbá wọn."

Obìnrin náà fọwọ́ pa awọ kékeré náà fún ìgbà díẹ̀. "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fẹ́lẹ́, máa kó wọn wá. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ yìí."

Obìnrin náà fi àyè sílẹ̀ fún Mojírayọ̀ àti ọkọ rẹ̀. Mo jáde, mo dúró ti alùpùpù. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Nígbà àbọ̀, bẹntiróòlù tán kí a tó dé Aláriwo. A fi ọwọ́ ti máṣìnnì náà fún ọjọ́ kan gbáko, òun lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi lọ́wọ́ òsì. Kò bú mi. Ẹni tí wọ́n bá bú, ó ṣì ní nǹkan tó lè fi dáhùn.

Nígbà tí a délé, ìyá wa gbìyànjú láti jókòó. "Ṣé ẹ rí i?"

Mojírayọ̀ ní: "A rí i, Ìyá. Bàbá Ọdẹ ni yóò sọ ìyókù."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi rán an, mo sọ ìbéèrè náà, mo sọ ẹnu mi tó là tó sì padé. Ìyá wa wá bèèrè pé:

"Ó ń jẹun níbẹ̀?"

"Ó ń jẹun, Ìyá."

"Obìnrin yẹn ń ṣìkẹ́ rẹ̀?"

"Ó ń ṣìkẹ́ rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ bu ẹ̀kọ fún mi."

Wọ́n jẹun, wọ́n sì tún lo ọdún méjì láyé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí a fi sin wọ́n, wọn kò pè mí ní Ọdẹ́gbàmí mọ́. "Ẹ̀gbọ́n Akinlàbí" ni wọ́n ń pè mí, bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni mí.

Ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn máa palẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé báyìí, Mojírayọ̀ a gbé àwọn ìbejì sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n a sì lọ. Ní ọjọ́ keje wọ́n a padà dé. Eruku a ṣì wà lójú rẹ̀ tí yóò fi dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò ní í wọlé, yóò kúnlẹ̀ bó ti yẹ kí ìyàwó ilé kúnlẹ̀, yóò ní: "Bàbá Ìbejì ní kí n kí yín." Lẹ́yìn náà yóò dìde, yóò sì lọ sílé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gba ìkíni yìí. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi rán an padà.